Ọmọbìnrin Tí Ń Ṣe Ráàpù Kò Ba Àṣà Jẹ́

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, wọ́n ka orúkọ àwọn tí yóò ṣeré ní alẹ́ ọjọ́ àṣà. Nígbà tí wọ́n kan orúkọ ọ̀dọ́mọbìnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fi èdè Kétu ṣe ráàpù, ariwo sọ. Ẹnì kan ní eré Amẹ́ríkà ni. Ẹlòmíràn ní kò yẹ kí obìnrin máa sọ̀rọ̀ líle bẹ́ẹ̀ láàárín àwùjọ. Ẹnì kẹta, tí ó jẹ́ olùkọ́, ní bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ ṣe é, kí ó fi Faransé ṣe é, kí àwọn ènìyàn lè gbọ́ ọ. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Àwa tí a kọ ọ̀rọ̀ yìí wà níbẹ̀, a sì dákẹ́. Ìdákẹ́ náà kò jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀ láti ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá ẹni tó ní eré Amẹ́ríkà ni lóhùn. Òótọ́ ni, ibẹ̀ ni ó ti wá. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbé e jáde? Ní ọdún 1979, nígbà tí àwo "Rapper's Delight" gbé ráàpù kúrò ní ìgboro wọ inú rédíò, obìnrin ni ó wà nídìí iṣẹ́ náà: Sylvia Robinson, tí òun àti ọkọ rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ Sugar Hill sílẹ̀. Ní 1988, MC Lyte gbé odidi àwo tirẹ̀ jáde. Ní 1999, àwo Lauryn Hill gba ẹ̀bùn Grammy fún àwo tó dára jù lọ lọ́dún náà. Kò sí àwo híípù-họ́ọ̀pù tó gba irú rẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Bí ráàpù bá jẹ́ ẹrù Amẹ́ríkà, obìnrin wà nínú àwọn tó di ẹrù náà. Àti pé, ẹ forí jì wá, nígbà tí àwọn onífáńfà bá ń fun fèrè òyìnbó níbi ìsìnkú àwọn bàbá wa, a kì í béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ fèrè.

Ṣùgbọ́n kí ni a ń wá lọ sí òkè òkun? Adéṣọlá Ìdòwú, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Weird MC, gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, "Simply Weird", jáde ní Nàìjíríà ní 1996. Ìmúra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lé lórí ju orin rẹ̀ lọ, nítorí pé ó ń múra bí ọkùnrin. Àwo kejì, "After Da Storm", kò dé títí di 2006. Ọdún 10 gbáko! A kì í ṣírò ohun tí irú ìdúró bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ olórin. Inú àwo kejì yìí ni orin "Ijoya" wà, níbi tí ó ti gbé èdè Yorùbá síwájú, tí ó sì pe gbogbo ènìyàn sójú agbo. Àwọn tí kò ka ráàpù sí orin dìde jó o níbi ìgbéyàwó àti ìkómọ. Lójú tiwa, èdè ló ṣe é. Ó sọ̀rọ̀ bí a ti ń sọ̀rọ̀ nílé, ilé sì dá a lóhùn.

Ní 2006 yẹn kan náà, Sasha P, ọmọ Ìbàdàn, gbé àwo "First Lady" jáde; ní ilẹ̀ Faransé, "Dans ma bulle" ti Diam's ni àwo tí wọ́n tà jù lọ lọ́dún náà. Ẹ wá wo ohun ìtìjú: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Kétu mọ orin Diam's sórí, Weird MC sì di ẹni tí wọ́n ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lókèèrè. Bẹ́ẹ̀, Ìmẹ̀kọ kò jìnnà sí wa, ará Kétu ni wọ́n níbẹ̀, èdè kan náà ni a jọ ń sọ. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní 1889 ti wọ inú etí wa.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ olùkọ́ wa fi dùn wá jù. Kí ó fi Faransé ṣe é! Ṣé a ti gbàgbé bí èdè wa ṣe rí ni? Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó àti àwọn alùfáà fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin ìsìn ti ilẹ̀ Yúróòpù, ohùn orin lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, títí di òní a ṣì ń kọ orin tí ìtumọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí a ní lọ́kàn. Ráàpù kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Kò sí ohùn orin tí yóò fipá mú ọ̀rọ̀; ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń gòkè tí ó ń sọ̀kalẹ̀, ìlù a sì máa gbè é. Ọ̀nà tí dùndún ń gbà sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọ̀nà tí oríkì ń gbà jáde lẹ́nu àwọn ìyá wa nìyẹn pẹ̀lú. Nínú gbogbo orin tó ti òkèèrè wá, a kò rí èyí tí ó bá ohùn Yorùbá mu tó èyí, ẹ wá ní kí ọmọ tí ó ti rí i fún ara rẹ̀ sọ ọ́ nù!

Ó ku ẹni tó ní obìnrin kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ líle ní gbangba. Ọmọ Kétu ni ó sọ ọ́, ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ìṣúra gbogbo ayé. Ní òru ẹ̀fẹ̀, ẹni tó bá hùwà ibi yóò gbọ́ ìwà rẹ̀ lójú ọjà, olówó tàbí olóyè. Òótọ́ ni pé ọkùnrin ni ó ń gbé agọ̀, a kò sì ní kí ẹ yí i padà. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ni ó ń wárí fún, Ìyálàṣẹ̀ ni ó wà nípò orí, àṣẹ àwọn ìyá sì ni ó fi ń sọ ohun tí ẹnu gbogbo wa kò lè sọ. Ìyàwó tí ń sun ẹkún ìyàwó ńkọ́, tí ń sọ ti ilé ọkọ àti ti ilé bàbá rẹ̀ fún gbogbo ẹbí gbọ́? Ní 1992, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí fi Sàláwà Àbẹ̀ní jẹ ọbabìnrin orin wákà. Aláàfin kò rò pé ohùn obìnrin ba àṣà jẹ́. Àwa ni a mọ àṣà ju Aláàfin lọ.

A kò sọ pé gbogbo ráàpù ni ó dára. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìgbéraga owó àti èébú tí kò ní ọgbọ́n nínú. Ẹ gbọ́ orin ọmọ náà kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń dá ẹ̀fẹ̀ tí kò dùn lẹ́jọ́. Kò sí ẹnì kan tó gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbọ́.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, a ó gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. A ó béèrè ìṣẹ́jú 10 fún un, lẹ́yìn àwọn onílù, nígbà tí àwọn ìyá wa kò tíì lọ sílé. A ó sì béèrè pé kí ìwé ìròyìn yìí tẹ ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ jáde pẹ̀lú àmì ohùn tó pé, kí Faransé tẹ̀ lé e ní abala kejì.