Ọ̀rọ̀ Màsáàjì Ẹsẹ̀ Lójú Àjò Ọjà

 

Ọ̀rọ̀ kan ń fa àríyànjiyàn láàárín àwọn tó ń lọ ra ọjà ní Guangzhou, ní ilẹ̀ Ṣáínà, a sì fẹ́ sọ tiwa sí i. Bí ẹnìkan bá ti lè sọ pé òun sanwó kí wọ́n bá òun wọ́ ẹsẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn kan á ti máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Owó ọjà lẹ fi ń jẹ ayé! Ṣé ọmọ yín ò lè fi òrí bá yín wọ́ ọ nílé ni?" Èrò tiwa ni pé kì í ṣe ìnákúnàá rárá. Ṣùgbọ́n kí èèyàn béèrè iye owó kó tó jókòó, kó sì mọ ìgbà tí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òun. Èyí tó kẹ́yìn yìí gan-an ló jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé yìí.

Ẹ wo ìrìn ọ̀hún ná. Láti Èkó sí Addis Ababa, bíi wákàtí 5 nínú bàálù. Láti ibẹ̀ sí Guangzhou, bíi wákàtí 10. Orí ìjókòó kan náà lèèyàn á ká ẹsẹ̀ kò sí. Ilẹ̀ á mọ́, ó di Sanyuanli lọ́dọ̀ àwọn oníbáàgì, ó di Xiaobei níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, ká gun àtẹ̀gùn, ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ká padà sí ìsọ̀ àkọ́kọ́ torí pé ibẹ̀ ló dínwó jù. Bó bá wá bọ́ sí àsìkò Canton Fair, ìpàtẹ ọjà tí wọ́n ti ń ṣe láti 1957, tó máa ń wáyé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, gbọ̀ngàn tó wà ní Pazhou yẹn, èèyàn lè rìn ín láàárọ̀ dalẹ́ kó má dé ìdajì.

Àwa tí a ń ṣòwò mọ ohun tí ẹsẹ̀ ríro ń fà. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro kì í yẹ ọjà wò mọ́. Ìsọ̀ kẹta tó bá dé, ó ti fẹ́ san owó kó lè jókòó. Kò ní tú dọ́sìnnì wò bóyá ó pé méjìlá, kò ní fa síìpù báàgì wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí kọ́ńténà bá gúnlẹ̀ ní Apapa lojú á tó là. Ẹ fi èyí wé owó wákàtí kan tí wọ́n fi wọ́ ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún wa èwo ló wọ́n jù.

Kì í sì í ṣe owó ńlá. Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ní Guangzhou, láàárín yuan 80 sí 150 la sábà máa ń rí fún wákàtí kan. Inú hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá ló ti máa ń di ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi gbígbóná kan náà ni o. Àmì tí ẹ ó wò lókè ilẹ̀kùn nìyí: 足. Ẹsẹ̀ ló túmọ̀ sí. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ yín sínú garawa onígi tí omi gbígbóná àti ewé wà nínú rẹ̀, wọ́n á máa tẹ èjìká yín títí ẹsẹ̀ á fi rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á nù ún, wọ́n á fi òróró sí i, wọ́n á wá fi oríkèé ìka tẹ̀ ẹ́ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orúnkún. Ó ń dùn, ó tún ń dunni! Bó bá ti le jù, ẹ sọ pé "ching yi-dien", wọ́n á dẹ ọwọ́. Ibi tí iná pupa rúsúrúsú bá ti ń tàn, tí ẹ ò rí garawa kankan, ẹ kọjá lọ o jàre, ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń wọ́ níbẹ̀.

Àwọn tó ń lọ ra aṣọ ní Pratunam ní Bangkok náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Láàárín baht 250 sí 400 ni wọ́n sábà máa ń gbà fún wákàtí kan, igi kékeré kan ni wọ́n sì máa ń fi tẹ àtẹ́lẹsẹ̀. "Bao-bao" ni kẹ́ ẹ sọ fún tiwọn. Iṣẹ́ ìwọ́ra yìí níyì lọ́dọ̀ wọn débi pé UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ohun àjogúnbá aráyé ní 2019.

Ọ̀nà tí owó gbà ń bọ́ lọ́wọ́ wa níbẹ̀, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sára ògiri. Ọ̀kan nínú wa wọlé pẹ̀lú yuan 98, 340 ló san jáde. Wọ́n bá a ha gìgísẹ̀, wọ́n fi ife iná sí i lẹ́yìn, wọ́n sì tún fẹ́ kó ra káàdì olówó ṣíwájú, bí ẹni pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń padà wá láti Mushin. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ti fi lọ̀ yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti jókòó, owó ọ̀tọ̀ ni. Ẹ tọ́ka sí iye owó lórí bébà, ẹ kọ wákàtí tẹ́ ẹ fẹ́ sórí fóònù, kí wọ́n rí i, kí wọ́n gbà, kẹ́ ẹ tó bọ́ bàtà. Bẹ́ ẹ bá pé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ ní ọ̀sán tí èrò ò pọ̀, wọ́n á dín in kù. Ṣùgbọ́n ẹ má ná an pa. Ẹni tó ń tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀ yẹn, òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni, ìpín díẹ̀ ló ń kàn án nínú owó náà, ẹni tí ẹ bá sì ná pa, ọwọ́ ọ̀lẹ ló máa fi tẹ̀ yín. Ní Bangkok, wọ́n ń retí ènì díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Ní Ṣáínà, kò sí irú àṣà bẹ́ẹ̀.

Ẹ ó rí àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀ lára ògiri: ibí ni kíndìnrín, ibí ni ẹ̀dọ̀, ibí ni ojú. Wọ́n lè sọ fún yín pé ọgbọ́n àtayébáyé ilẹ̀ Ṣáínà ni. Ẹsẹ̀ títẹ̀ ti pẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni irú àwòrán yẹn ti jáde. Dókítà kan, William Fitzgerald, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1917, obìnrin kan, Eunice Ingham, sì fẹ̀ ẹ́ lójú ní àwọn ọdún 1930. Ìwádìí kò tíì fi hàn pé títẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ń wo kíndìnrín tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ara á rọ̀, oorun á dùn, ìyẹn náà tó. Ẹni bá ní kẹ́ ẹ pa oògùn yín tì torí ẹ̀, ẹ dìde níwájú ẹ̀.

Ó ku èyí tó ń kọ wá lóminú. Bẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù tí ẹsẹ̀ méjèèjì wú díẹ̀, ó wọ́pọ̀, ẹ gbé e sókè sórí ìrọ̀rí, á sábà rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹyọ kan ló wú, tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ń dunni, tó gbóná tàbí tó pọ́n, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan. Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2007 fi hàn pé ìrìn àjò tó bá tó wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń sọ ewu yìí di ìlọ́po méjì. Kò wọ́pọ̀, bí ẹnìkan nínú 6,000 ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tẹ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn lè já, kó gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, kó sì pa èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ kọjú sí, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù màsáàjì. Bí èémí bá ń há tàbí àyà ń dunni, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ náà, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹsẹ̀ yín lè má mọ nǹkan lára dáadáa mọ́, omi á ti bó o kẹ́ ẹ tó mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ wo omi náà, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi abẹ kan gìgísẹ̀ yín. Bí egbò bá wà níbẹ̀, ẹ má lọ rárá. Aboyún kó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ kó tó kúrò nílé.

Àwọn tó ń múra Canton Fair tó ń bọ̀, ẹ ya àmì 足 yẹn sórí bébà kékeré, ẹ kọ "ching yi-dien" sábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi í sínú ìwé ìrìnnà yín.