Èlé Kọ́, Ìpín Èrè Ni

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń pe owó tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńláńlá ń san fún àwọn tó ra ìpín nínú wọn ní èlé. N kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó yáwó kò lè ṣàìsan èlé. Ìgbìmọ̀ olùdarí ló ń pinnu ìpín èrè. Apple san án ní 1995, kò tún san kọ́bọ̀ títí di 2012. Amazon kò tilẹ̀ san án rí. Meta dá òṣìṣẹ́ tó lé ní 10,000 dúró ní 2022, ó tún dá òmíràn dúró ní 2023. Ní 2024 ló wá kéde ìpín èrè àkọ́kọ́, 50 sẹ́ǹtì lórí ìpín kan. Bí a bá ní kí òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì lọ fi owó rẹ̀ gba "èlé" níbẹ̀, irọ́ la pa fún un.