Bí Oògùn Bá Pàdé Oògùn: Ọ̀rọ̀ Wo Ni Ó Yẹ Kí A Lò?

Ní ìdí káńtà ilé ìtajà oògùn ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndó, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí apòògùn bi oníbàárà kí ó tó ta oògùn tí kò gba ìwé dókítà fún un. Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá àgbàlagbà kan tí ó wá ra ibuprofen nítorí orúnkún tí ń ro ó. "Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn mìíràn?" "Rárá o, ọmọ mi." Bẹ́ẹ̀ ni màmá yìí lè ti mu àgbo ní òwúrọ̀, kí ó ti da Alábùkún sẹ́nu ní ọ̀sán, kí hóró tí ó ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà nínú àpò rẹ̀. Kò purọ́. Àgbo ni àgbo ń jẹ́ lójú rẹ̀. Alábùkún ni Alábùkún ń jẹ́. "Ti ẹ̀jẹ̀ ríru" sì ti di oúnjẹ òòjọ́. "Oògùn" ni èyí tí ó wá rà lónìí.

Ní èrò tiwa, ọ̀rọ̀ èdè-ìperí ni èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣègùn nìkan.

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí olùtumọ̀ lẹ́nu fún ohun tí oògùn méjì ń ṣe sí ara wọn ni "ìjà oògùn". Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣini lọ́nà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ọwọ́ tí ó gbá jọ náà ni ó sì ń lu ni jù. Aspirin wà nínú Alábùkún, ìyẹ̀fun tí Jacob Odùlàtẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Abẹ́òkúta ní 1918. Bí ó bá pàdé ibuprofen, ní ti ikùn, àwọn méjèèjì kò jà. Ńṣe ni wọ́n jọ ń ba awọ inú ikùn jẹ́, tí ọgbẹ́ lè fi dá síbẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa ṣàn. Bákan náà ni paracetamol, tí àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lò ju 4,000 mílígíráàmù lọ láàárín wákàtí 24. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn tí orúkọ wọn yàtọ̀ síra. Ẹni tí ó bá pa wọ́n pọ̀ lè ba ẹ̀dọ̀ ara rẹ̀ jẹ́ láìmọ̀.

Ọ̀nà kejì kì í ṣe ìjà tí ẹnikẹ́ni lè rí. Bí a bá fi oògùn tí ń pa omi kíkan inú ikùn lé tetracycline, yóò so mọ́ ọn, kò ní jẹ́ kí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀ tó. Ara kò ní ro aláìsàn nítorí èyí. Àìsàn rẹ̀ ni kò ní lọ. Ọ̀nà kẹta nìkan ni "ìjà" bá mu: ibuprofen lè sọ agbára ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru di ahẹrẹpẹ.

Nítorí náà, a dábàá "ìbápàdé oògùn" fún gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, nítorí pé ìbápàdé lè bí ire, ó sì lè bí ibi. Lábẹ́ rẹ̀ ni kí a fi "àkópọ̀ agbára", "ìdínà" àti "ìtakò" sí.

Àwọn kan lè sọ pé oníbàárà kò nílò èdè-ìperí. Òtítọ́ ni. Ẹni tí ń bi í ní ìbéèrè ni ó nílò rẹ̀, kí ó lè mọ ohun tí òun ń wá. Fún màmá, kí a fọ́ ìbéèrè náà sí wẹ́wẹ́: "Kí ni ẹ ti mu láti àná? Àgbo ńkọ́? Ìyẹ̀fun ńkọ́? Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́?"

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 la ọ̀nà fún wa nínú ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Iṣẹ́ irú rẹ̀ ṣì ku ní ìdí káńtà. Ní Alímọ̀ṣọ́, níbi tí ìkànìyàn 2006 ti ka ènìyàn tí ó lé ní 1,200,000, ọ̀pọ̀ ni ó ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta oògùn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bí ọ̀rọ̀ wa bá kùnà níbẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tí yóò tún un bi. A ń retí èrò àwọn ẹlẹgbẹ́ wa.