Olè orí fóònù ò dúró ní ẹnubodè



Ọ̀rọ̀ àwọn gbájúẹ̀ orí fóònù ni mo mú wá, àwọn tí a ń pè ní gaïman lọ́dọ̀ wa, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ọmọ yàhúù. Ká sọ pé ìyá kan ní Kétu rí ọjà lórí WhatsApp, ó sanwó fún ẹni tó ní òun wà l'Abẹ́òkúta. Ọjà ò dé, nọ́ńbà ò lọ mọ́. Ṣebí Ìmẹ̀kọ ò jìnnà sí Kétu? Ṣùgbọ́n bí ẹ̀sùn ìyá yìí bá gba ọ̀nà ìjọba, á ti Kútọnu lọ Àbújá kó tó padà wá s'Abẹ́òkúta. Kó tó débẹ̀, olè ti ná owó tán.

Kì í ṣe òfin la ò ní. Nàìjíríà ṣe tiwọn ní 2015. Àwa ní Code du numérique láti 2018. CEDEAO ti ní àdéhùn ìrànlọ́wọ́ lórí ẹjọ́ ọ̀daràn láti 1992. ONU náà fọwọ́ sí àdéhùn tuntun ní oṣù Kejìlá 2024. Ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Interpol àti Afripol kó orílẹ̀-èdè Áfíríkà 19 jọ, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà wà níbẹ̀, wọ́n sì mú èèyàn tó lé ní 1,000. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ oṣù méjì péré ni. Ojoojúmọ́ ni olè ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó kù ni ìyára. Àdéhùn Budapest ti 2001, tí Nàìjíríà wọ̀ ní 2022, ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ń gba ìpè tọ̀sán-tòru. Bí orílẹ̀-èdè kejì bá bẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi àkọsílẹ̀ fóònù pa mọ́ fún ọjọ́ 60 ó kéré tán, kí ìwé tó dé. Irú rẹ̀ ló yẹ kó wà ní ẹnubodè wa: kí kọmísáríà Kétu àti ti Ìgólò lè pe ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ìmẹ̀kọ àti Ìdí-Ìrókò lọ́jọ́ náà gan-an. Ìwé tiwa, Faransé, tiwọn, Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ẹni tí wọ́n jà lólè ń sọ, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi gba ẹ̀sùn.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìjọba á máa yọjú sínú fóònù wa. Ìbẹ̀rù yẹn tọ́. Àmọ́ pípa nǹkan mọ́ yàtọ̀ sí ṣíṣí i wò. Kí wọ́n kọ ọ́ kedere pé adájọ́ nìkan ló lè pàṣẹ kí wọ́n ṣí i.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ̀rí wà lọ́dọ̀ wa, olè wà lọ́dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ mìíràn, ó lè jẹ́ òdìkejì. Kí àwọn mérì àti aṣòfin wa béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Kí ẹni tí wọ́n bá jà lólè tètè lọ fẹjọ́ sùn, kó má pa àtẹ̀jíṣẹ́ kankan rẹ́. Kí àwa àgbà náà sì yéé lọ bẹ kọmísáà nítorí ọmọ tí wọ́n bá mú. Owó ìyá ẹlòmíì ló ná.