Ọpẹ́ Ìparí Ọdún Tọ́ sí Ilé

Nígbà tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ ní oṣù Ọ̀pẹ, àwọn ọ̀nà tó lọ sí Kétu, sí Ṣábẹ̀ẹ́ àti sí Àjàṣẹ́ a máa kún fún ọkọ̀. Àwọn ọmọ tó ń gbé ní Kútọ̀nu, ní Lomé, ní Èkó àti ní ilẹ̀ Faransé ń padà bọ̀ wálé. Wọ́n kó ìrẹsì àti aṣọ tuntun bọ̀ wá fún àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ti ń ka ọjọ́ dè wọ́n. “Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún” gba gbogbo àgbàlá kan. Ayọ̀ náà tọ́, kò sí àgbà kan tó lè bá ọmọ wí nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù Ṣẹ́rẹ́ bá wọlé, tí ọkọ̀ ti gbé olúkúlùkù padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀, ìbéèrè kan a máa kù sí agbo ilé: ọpẹ́ ta ni wọ́n wá dú?

Ọ̀pọ̀ ló ń dé, tí wọn kì í jókòó. Wọ́n á kí bàbá àgbà lórí ìdúró, wọ́n á sáré lọ sí ìsìn àìsùn, wọ́n á ṣe àríyá títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìpàdé ẹbí yóò wáyé láìsí wọn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí ẹsẹ̀ wọn kì í tẹ agbo ilé baba wọn mọ́, nítorí pé ojúbọ kan wà ní igun rẹ̀. Ẹlòmíràn kò jẹ́ fọwọ́ kan oúnjẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi owó ńlá dúpẹ́ níwájú ìjọ, kí àbúrò baba rẹ̀ obìnrin tó ta gàrí láti san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ má sì rí ju ìkíni ẹnu ọ̀nà lọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ìgbà tí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọpẹ́ tí ènìyàn dú lọ́dọ̀ Ọlọ́run, tó sì fo àwọn tí Ọlọ́run rán sí i dá, ọpẹ́ àbọ̀ ni.

Ìpadàwálé kì í ṣe nǹkan kékeré ní ilẹ̀ yìí. Ní ọdún 1886, ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu, ó sì kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ìlú lẹ́rú lọ sí Agbómẹ̀. Nígbà tí agbára Agbómẹ̀ wó, ní nǹkan bí ọdún 1894, àwọn tó kù nínú wọn padà wá sí ahoro. Kò sí ẹni tó fi àsè dúró dè wọ́n. Síbẹ̀, wọ́n tún ilé kọ́, wọ́n sì tún fi Alákétu jẹ. Ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà Àkábà Ìdènà kọjá lónìí, kí ó rántí pé ìpadàbọ̀ àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni ọpẹ́ wọn. Wọ́n dú u pẹ̀lú ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

Àjàṣẹ́ náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹrú padà dé láti Brazil, Kristẹni àti Mùsùlùmí ló wà láàárín wọn, Àgùdà sì ni a pe gbogbo wọn. Mọ́sálásí ńlá tí wọ́n kọ́ sí àárín ìlú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia lójú, nítorí irú iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n mú bọ̀ láti òkè òkun nìyẹn. Ìlú yìí kan náà ni Samuel Bilehou Oschoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní ọdún 1947. Títí di òní, aṣọ funfun àwọn ọmọ ìjọ náà a máa bo etí òkun Ṣẹ̀mẹ̀ ní àsìkò Kérésìmesì. Nígbà kan náà, àwọn ọmọdé oníbòjú Kaleta ń jó láti ojúlé dé ojúlé, wọn kì í béèrè ẹ̀sìn onílé kí wọ́n tó lù ú. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi tiwọn tí ìjọba fọwọ́ sí, àwọn Àgùdà sì ń ṣe ọdún Bonfim pẹ̀lú eré Buriyan. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ẹnìkejì fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni kí ẹ̀sìn sọ ọmọ ìyá di àjèjì.

Àwọn kan yóò ní ìgbàgbọ́ àwọn kò gba irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Èsì wà fún wọn: fífetí sí orúkọ baba ńlá ẹni kì í ṣe ìrúbọ, dídọ̀bálẹ̀ fún àgbà kì í sì ṣe ìsìn òrìṣà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan àwọn àgbà náà. Kò yẹ kí wọ́n fi ipá mú ọmọ ṣe ètùtù tí ọkàn rẹ̀ kò gbà, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ìpàdé ẹbí di ibi tí a ti ń bu owó lé àwọn tó ti òkè òkun dé lórí. Ọmọ tí wọ́n kí pẹ̀lú àkọsílẹ̀ gbèsè kò ní yára padà.

Ọ̀sán kan ṣoṣo tó. Kí olúkúlùkù tó di ẹrù rẹ̀, kí wọ́n tẹ́ ẹní sí àgbàlá, kí Kristẹni, Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ jókòó pọ̀. Ní Kétu, Bàbá Ẹlẹ́gùn ló ni iṣẹ́ pípa ìtàn ìlú mọ́ sórí, òun ló sì ń kà á bí ọba tuntun bá fẹ́ jẹ. Ó yẹ kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí àgbà ka orúkọ àwọn tó tẹ ilé dó, kí ó ki oríkì wọn, kí ọmọ tó mọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n béèrè ta ló ń ṣàìsàn, opó wo ni òrùlé rẹ̀ ń jò, ta ló san owó ilé ẹ̀kọ́ ta ni. Kí wọ́n sì jọ lọ kí ẹni náà.

Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ṣùgbọ́n ilé tí a ń re kì í ṣe ògiri nìkan. Àwọn tó mọ orúkọ wọ̀nyẹn lórí ń dín kù lọ́dọọdún, àga ẹlòmíràn tó jókòó lọ́dún tó kọjá yóò ṣófo lọ́dún yìí. Ọmọ tó bá fẹ́ dúpẹ́, kí ó tètè jókòó. Ọdún á yabo.