Àìsí Ọ̀bẹ Kọ́ Ni Àìsí Ewu

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí yíyọ kókó inú ìfun kékeré láìla ikùn. Òǹkọ̀wé yín ní kò sọ́bẹ, kò séwu, ọjọ́ kan náà lèèyàn ń padà sílé. Lóòótọ́ ni kò sọ́bẹ. Pé kò séwu ni mi ò gbà, torí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè pààyàn.

Ohun tó bá ìfun ńlá mu ni òǹkọ̀wé yín sọ, ó wá fi ìfun kékeré kún un. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, níbi tí oúnjẹ ti ń kúrò nínú àpòlúkù, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ara rẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Dókítà á ti rọ́bà tó ní kámẹ́rà gba ẹnu wọlé, á fi abẹ́rẹ́ fa omi sábẹ́ kókó náà kó lè gbéra sókè, á wá fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kọ́ ọ lọ́rùn, á gé e. Òróòro àti omi pancreas, àwọn omi tó ń mú oúnjẹ dà, ló máa ń ṣàn kọjá lórí ojú ọgbẹ́ yẹn. Bó bá jẹ́ iná mànàmáná ni wọ́n fi gé e, ooru lè wọ inú ju bó ṣe yẹ lọ, kí ìfun sì lu lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dà nígbà tí aláìsàn ti délé. Bí kókó bá wà lójú ihò tí òróòro ń gbà jáde, yíyọ rẹ̀ lè mú kí pancreas wú, ìrora rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Irú ẹ̀jẹ̀ dídà bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Wọ́n yọ tiẹ̀ tán, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú kirikiri, ó ń lẹ̀ bí ọ̀dà títì. Ó rò pé ẹ̀fọ́ tóun jẹ ni, títí òòyì fi gbé e ṣubú nílé ìdáná. Ẹ̀jẹ̀ la fà sí i lára kó tó lè dìde jókòó. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ló ń di ìgbẹ́ dúdú bẹ́ẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó bi í bóyá ó ń lo aspirin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń lò ó.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni sá fún iṣẹ́ yìí o. Òmíràn nínú àwọn kókó wọ̀nyí lè di jẹjẹrẹ. Àwọn tó ní Peutz-Jeghers, àìsàn àjogúnbá tó ń fi àmì dúdú sí ètè, kókó lè mú kí apá kan ìfun wọn wọ inú apá kejì, kó há síbẹ̀. Láti ọdún 2001 tí Hironori Yamamoto ní Japan ti gbé rọ́bà tó ní kámẹ́rà àti bálúùnù méjì jáde, a lè dé ìsàlẹ̀ ìfun kékeré láìla ikùn. Oore ńlá ni. Àwọn kókó kéékèèké pàápàá ṣeé gé láìlo iná, ìyẹn sì ń dín ẹ̀jẹ̀ dídà kù.

Ohun tí mo ń bèèrè fún ò pọ̀. Kí ilé ìwòsàn kọ ọ́ sínú ìwé ní Yorùbá fún aláìsàn: ìgbẹ́ dúdú, òòyì, ibà, inú rírun tí kò lọ, ẹ tètè padà wá. Kí nọ́ńbà fóònù tí wọ́n máa gbé lóru wà lórí rẹ̀. Kókó ńlá, ibi tí oníṣẹ́ abẹ àti ẹ̀jẹ̀ bá wà nítòsí nìkan ni kí wọ́n ti yọ ọ́, kí aláìsàn sì sùn síbẹ̀ mọ́jú.

Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún àpilẹ̀kọ yẹn ṣe nínú ìwé ìròyìn yín tó ń bọ̀, lójú ewé kan náà tí ẹ fi gbé e jáde.

Òǹkàwé yín,
Abẹ́òkúta