Ìtọ́jú Ọkọ̀ Ẹbí

Ní oṣù tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ omi mímu nínú ilé ni a sọ. Lónìí, mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ara mi ni n ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ, bí ojú tilẹ̀ ń tì mí díẹ̀.

Ní òru ọjọ́ kan, aya àbúrò mi ń rọbí. Agbẹ̀bí tí ó wò ó sọ pé ọmọ náà dábùú, pé kí a máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Àjàṣẹ́ kíákíá. Ọkọ̀ mi ni ó wà nítòsí. A tẹ́ ẹ sí ìjókòó ẹ̀yìn, ìyá rẹ̀ gbé orí rẹ̀ lé itan, a sì gbéra. A kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí èéfín funfun fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo wo abẹ́rẹ́ tí ń fi ooru ẹ́ńjìnì hàn, ó ti wọ ibi pupa. Rọ́bà tí ń gbé omi láti rédíétọ̀ lọ sínú ẹ́ńjìnì ti bẹ́. A dúró sínú òkùnkùn fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú kí awakọ̀ akẹ́rù kan tó ṣàánú wa. Ìyá yè, ọmọ yè, a dúpẹ́. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn lẹ́yìn náà ni pé mẹkaníìkì mi ti fi ọwọ́ tẹ rọ́bà yẹn lójú mi. Ó ní, “Ọ̀gá, rọ́bà yìí ti wú, ó ti rọ̀, ẹ jẹ́ kí a pààrọ̀ rẹ̀.” Mo ní kí ó di ìparí oṣù. Ìparí oṣù méjì ni ó kọjá. Owó rọ́bà náà kò tó owó adìyẹ kan.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó máa ń gbé ọkọ̀ tuntun wá síwájú ilé ìjọsìn kí Fadá lè bù omi mímọ́ wọ́n ọn. Ó dára, èmi náà ṣe é. Ṣùgbọ́n omi tí Fadá wọ́n sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì kò wọ inú rédíétọ̀.

Mo sì ń pè é ní tuntun! Ọkọ̀ tí a ń pè ní tuntun ní Ìfọ̀nyìn, àlòkù ni ó sábà máa ń jẹ́, tí ó gba ojú òkun wọ èbúté Kùtọ̀nú. Èyí tí ó pọ̀ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń kọjá lọ sí Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, títí ìjọba ibẹ̀ fi fòfin de gbígbé ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017. Ẹni tí ó rà á kò mọ bí ẹni àkọ́kọ́ ṣe lò ó. Iye kìlómítà tí ó wà níwájú awakọ̀ pàápàá, ènìyàn lè dá a padà sẹ́yìn. Nítorí náà, bí a bá ra ọkọ̀ báyìí, kí a kà á sí pé a kò tíì ṣe nǹkan kan sí i rí: kí a pààrọ̀ òróró ẹ́ńjìnì, gbogbo fílítà, àti omi rédíétọ̀. Kí a béèrè lọ́wọ́ mẹkaníìkì bóyá bẹ́líìtì rọ́bà ni ó ń darí inú ẹ́ńjìnì náà, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní courroie de distribution. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí a pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kì í pariwo kí ó tó já. Ọjọ́ tí ó bá sì já, nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, irin á gbá irin, owó tí a óò fi tún un ṣe a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹ́ńjìnì mìíràn.

Ẹ̀yin àgbà á máa sọ pé Peugeot 504 kò dà bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, ṣéènì ni ó ń lò. Ọdún 1968 ni ó jáde ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná ní 1975. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òun ni ó ń kó èrò àti ẹrù ní gbogbo ọ̀nà wa. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àwọn awakọ̀ rẹ̀: kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti mú àkísà dání. Àwa ni a jókòó sínú ọkọ̀ òde òní tí a kàn ń yí kọ́kọ́rọ́.

Òróró ẹ́ńjìnì ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù. Nínú ẹ́ńjìnì, irin ń yí nínú irin ní ìgbà 2,000 tàbí 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà láàárín wọn ni kò jẹ́ kí wọ́n jẹ ara wọn. Òun náà ni ó ń kó èérí lọ sínú fílítà. Bí ó bá pẹ́, agbára rẹ̀ á tán, á dà bí ọ̀dà, ojú ihò tí ó ń gbà kọjá á sì dí. Ẹ má fi àwọ̀ nìkan ṣe òṣùwọ̀n o: nínú ẹ́ńjìnì dísùùlù, òróró tuntun á dúdú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kìlómítà àti oṣù ni kí ẹ kà. Fún òróró lásán, nínú eruku ilẹ̀ pupa wa yìí, èmi kì í kọjá 5,000 kìlómítà tàbí oṣù mẹ́fà kí n tó ṣe vidange, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé. Ẹni tí ó ń lo òróró olówó gọbọi lè tẹ̀lé ìwé ọkọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó rántí pé kì í ṣe ọ̀nà Daagbé ni ẹni tí ó kọ ìwé náà ní lọ́kàn.

Láàárín vidange kan sí èkejì, ẹ wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní òwúrọ̀, kí ẹ tó ta iná sí ọkọ̀, níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú, ẹ fa ọ̀pá òróró yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í padà, ẹ tún fà á yọ. Kí òróró wà láàárín àmì méjèèjì. Kí ó kún jù pàápàá kò dára. Ìyàwó ilé lè ṣe é, ọmọ ọdún 12 lè ṣe é. Bí iná pupa tí ó ní àwòrán àgé kékeré bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnì. Ẹ má ṣe sọ pé ilé kò jìnnà mọ́.

Bí ẹ́ńjìnì bá sì gbóná bí tèmi, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ títí yóò fi tutù, nítorí omi ibẹ̀ lè bó ènìyàn lójú. Ẹ má sì da omi tútù sínú ẹ́ńjìnì gbígbóná, irin rẹ̀ lè sán.

Ọ̀rọ̀ kpayo ńkọ́? Mo mọ̀ pé a óò bínú sí mi. Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó rẹ̀ ti fò sókè, síbẹ̀ ìgò rẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá ọ̀nà wa. Kẹ́ẹ̀gì tí ó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kì í ṣàìní omi àti èérí nínú. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ táǹkì ni ó ń sùn sí. Ẹni tí ó bá ń rà á, kí ó máa fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ó máa pààrọ̀ fílítà epo léraléra, kí ó má sì jẹ́ kí táǹkì gbẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má kó o pamọ́ sínú ilé tàbí sínú búùtù. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná ibi tí wọ́n kó irú epo yìí sí ní Sèmè-Kraké pa ènìyàn tí ó lé ní 30.

Táyà: lẹ́yìn ọ̀rọ̀ DOT tí ó wà lára rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin ìkẹyìn ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. 2315 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2015. Táyà àlòkù tí ó ti lé ní ọdún 10, bí ìlà rẹ̀ tilẹ̀ dára lójú, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń tà á. Omi bíréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Ìwé visite technique tí ẹ gbà kò ní kí ẹ má ṣe èyí.

Láti òru yẹn, mo ní ìwé àjákọ kékeré kan nínú ọkọ̀. Mo ń kọ ọjọ́, kìlómítà, ohun tí a pààrọ̀, àti ohun tí mẹkaníìkì ní kí a pààrọ̀ tí a kò tíì pààrọ̀. Ìyàwó mi ni ó ń ka ti ìkẹyìn yìí sí mi létí ní ọjọ́ Sátidé, owó rẹ̀ sì wà nínú agolo kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Aya àbúrò mi béèrè ohun tí ó wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́. Mo fi hàn án: “Rọ́bà rédíétọ̀.” Ó rẹ́rìn-ín, èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Àwọn tí ó béèrè nípa alùpùpù, a kò gbàgbé yín. Ó di oṣù tí ń bọ̀.